Èsì ẹ̀jẹ̀ kìnnìún lè dáa kí ara rẹ̀ má dá

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kìnnìún olóṣù mẹ́rin kan. Ẹran pupa gidi ni wọ́n ń fún un lójoojúmọ́, wọ́n ti yọ gbogbo egungun inú rẹ̀ kúrò, torí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ gbà pé ìkẹ́ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Bó bá fẹ́ fò gun pákó, á wò ó, á tún wò ó, á padà dùbúlẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èsì dé, kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, pé: kò lé, kò dín. Ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. “Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dáa, kò sí nǹkan tó ń ṣe é.”

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹranko ńlá tó wà nínú àgò bá ti dáa, ara rẹ̀ ti dá nìyẹn, bí láàbù bá sì fi pupa sàmì sí ìlà kan nínú èsì, àìsàn ti wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹranko ló sì ń jìyà àṣìṣe náà.

Ọmọ kìnnìún yẹn ń ṣàìsàn gan-an. Kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ni iṣan àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ara kì í fẹ́ kó dín. Ẹran tí kò ní egungun kò ní kálísíọ̀mù tó nǹkan. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà míì tí egungun nílò, lè tó ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kálísíọ̀mù inú ẹran náà, bẹ́ẹ̀ iye kan náà nínú méjèèjì ni ọmọ tó ń dàgbà nílò, tàbí kí kálísíọ̀mù fi díẹ̀ lé. Bí oúnjẹ ò bá ti gbé e wá, ara á lọ máa yọ ọ́ lára egungun. Ẹ̀jẹ̀ pé torí pé egungun ló ń san gbèsè. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sábẹ́ ẹ̀rọ X-ray, ẹ ó rí egungun tó ti fẹ́lẹ́ bíi bébà, ẹ sì lè rí ibi tó ti kán tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀.

Lọ́dún 1889, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ John Bland-Sutton wo àwọn ọmọ kìnnìún tí ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ ní ọgbà ẹranko ìlú London. Kò sí irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ní lónìí. Oúnjẹ wọn ló wò: ẹran tí kò lọ́ràá, tí kò sì ní egungun tí wọ́n lè rún. Ó ní kí wọ́n fi egungun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, wàrà àti epo ẹ̀dọ̀ ẹja kún un. Àwọn ọmọ náà gbádùn. Ó máa ń wù mí kí gbogbo ẹni tó ń sin irú ẹranko yìí mọ ìtàn náà, torí ìbéèrè “kí ló ń jẹ?” ṣì ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ nọ́ńbà lọ.

Kíndìnrín náà ń tanni jẹ lọ́nà tirẹ̀. Ó wà lára ohun tó ń yọ kìnnìún àti táígà tó ti ń dàgbà nínú ọgbà lẹ́nu jù. Creatinine, ìdọ̀tí kan tó ń ti ara iṣan wá, ni wọ́n sábà máa ń wò. Ṣùgbọ́n kíndìnrín ní agbára tó pọ̀ ní ìpamọ́, débi pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lè ti dáṣẹ́ sílẹ̀ kí creatinine tó ré ààlà tí láàbù kà sí dáadáa kọjá. Ìtọ̀ máa ń tètè sọ̀rọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ: bó bá ti ń ṣàn bí omi lásán, tí ẹranko náà sì ń mumi ju ti tẹ́lẹ̀, kíndìnrín ti ń rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń fọ ilé ẹranko láàárọ̀ lè fa ìtọ̀ náà láti orí sìmẹ́ǹtì, kò sì ní fọwọ́ kan ẹranko rárá. Ẹ má sì ṣe fi ààlà ológbò ilé wọn kìnnìún o. Ara kìnnìún kún fún iṣan, creatinine tirẹ̀ ga ju ti ológbò lọ láìsí àìsàn.

Ẹ wá wo òdìkejì. Wọ́n fi ìbọn abẹ́rẹ́ ta táígà. Ó bú ramúramù, ó kọlu irin, ó sáré yípo kó tó ṣubú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìpayà ti gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ti tú sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, wọ́n sì dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sí i. Òògùn oorun náà ní tirẹ̀: xylazine àti medetomidine máa ń dí insulin, èròjà ara tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, lọ́wọ́, ṣúgà á tún lọ sókè sí i. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ á ka èsì yẹn, á ní ìtọ̀ ṣúgà ni.

Ìdí nìyí tí inú mi fi máa ń dùn sí àwọn ọgbà tó ń kọ́ ẹranko wọn láti fi ìrù sílẹ̀ fúnra wọn. Kìnnìún á dùbúlẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, olùtọ́jú kan á máa fi igi gígùn na ẹran sí i lẹ́nu ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, wọ́n ti fa ìrù jáde láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Dókítà á fi spírítì nù ún, á fọwọ́ wá iṣan ẹ̀jẹ̀, á ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Bó bá wu kìnnìún kó dìde, wọ́n á jẹ́ kó lọ. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gbà, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó jáde níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí ara rẹ̀ balẹ̀.

Ààlà tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ńkọ́? Lára àwọn ẹranko tí ara wọn yá ni wọ́n ti mú un, wọ́n sì sábà ń mọ̀ọ́mọ̀ fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn sẹ́yìn ààlà. Bí ẹ bá yẹ ohun ogún wò lára ẹranko tó yá gágá, ó ṣeé ṣe jù pé ọ̀kan, ó kéré tán, á pọ́n. Bákan náà, èròjà agbógunti àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ àmì àrùn tó ti kọjá. Nígbà tí distemper, àrùn fáírọ́ọ̀sì tí a mọ̀ mọ́ ajá, pa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn kìnnìún Serengeti ní Tanzania lọ́dún 1994, ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè é ní irú èròjà yẹn, wọ́n sì ń bá ayé wọn lọ.

Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ẹ̀jẹ̀ ẹranko kan náà, tí wọ́n gbà lọ́nà kan náà, lọ́dọọdún. Ká ní creatinine kìnnìún kan jẹ́ 1.8 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó di 2.2 lọ́dún kejì, ó wá di 2.7. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà nínú ààlà kìnnìún, kí láàbù má fi pupa sí ọ̀kankan. Dókítà tó tẹ́ bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ara wọn kò ní dúró de pupa. Á sọ fún olùtọ́jú pé kó tó bu omi sílẹ̀ ilé ẹranko lọ́la, kó fa ìtọ̀ sínú ìgò fún òun.