Ẹ Má Kun Ìkòkò Náà Lọ́dà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan gbé ìkòkò inú ìkòkò, èyí tí à ń fi mú kí ewébẹ̀ àti èso pẹ́ kí wọ́n tó bàjẹ́, wá bá mi. Òun ni ẹnìkẹta lọ́dún yìí. "Ọ̀gá, ẹ wò ó, tòmátì mi ti jẹrà láàárín ọjọ́ mẹ́rin." Mo wo ìkòkò. Ó ti fi ọ̀dà funfun kùn ún láti ẹnu dé ìdí, ó ní kó lè bá ilé ìdáná òun mu.

Ogún ọdún ni mo ti fi ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irè oko, ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí sì ti sú mi.

Mohammed Bah Abba tó gbé ìkòkò yìí jáde jẹ́ olùkọ́ ní Jìgáwá, ìdílé amọ̀kòkò ni wọ́n sì ti bí i. Ní 1995 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀: ìkòkò kékeré nínú ńlá, iyanrìn tútù láàárín, aṣọ tútù lẹ́nu. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀. Ìkàn tó ń bàjẹ́ ní ọjọ́ 3 lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí kì í kọjá ọjọ́ kan lo 12. Ní 2000, ó gba ẹ̀bùn ilé iṣẹ́ aago Rolex, ó sì tọ́ sí i. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń dárúkọ rẹ̀ fún àwọn tí mò ń kọ́.

Ẹ rántí àmù ìyá àgbà. Ṣebí ara rẹ̀ máa ń rin gbindin? Omi ló ń gba ihò wínníwínní ara amọ̀ jáde. Bí atẹ́gùn ṣe ń gbé omi yẹn lọ, ló ń gbé ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó làágùn tó wá bọ́ sínú afẹ́fẹ́ mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀dà, fáníìṣì, sìmẹ́ǹtì, gbogbo wọn ló ń dí ihò yẹn. Ìkòkò tí kò lè làágùn ti di àpótí lásán, kódà bí ẹ bá rọ odò Ògùn sí iyanrìn rẹ̀.

Ẹ má sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Abẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni ipò rẹ̀. Jìgáwá gbẹ, ìyẹn ló ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Ní Èkó lóṣù Keje, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti mumi yó. Ẹ wo okùn tí ẹ sá aṣọ sí: bí aṣọ bá tètè gbẹ lónìí, ìkòkò yóò tutù lónìí. Àsìkò ọyẹ́ ló ń dára jù lọ́dọ̀ wa.

Àwọn tó ń kiri ìkòkò yìí pé ó ń ṣe iṣẹ́ fíríìjì ni mi ò lè foríjì. Ọ̀kan lára wọn sọ fún ìdílé kan pé ẹja tútù lè sùn ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́. Lóru ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé ọmọ mẹ́ta dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Èyí àbíkẹ́yìn kò tíì pé ọdún méjì. Ọjọ́ márùn-ún ló lò lẹ́nu omi tí wọ́n ń fà sí i lára. Ewébẹ̀ àti èso ni kí ẹ máa kó sínú rẹ̀. Bí kò bá sí iná, ẹja àti ẹran, ẹ yan án tàbí kí ẹ sè é lọ́jọ́ tí ẹ rà á.