Ooru Tí Kò Ti Ọwọ́ Oòrùn Wá

Bí àgbo-ilé kan tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìlọrin bá pinnu láti máa sọ pàǹtí ilé ìdáná di ajílẹ̀ dípò kí wọ́n máa dáná sun ún, ohun èlò tí wọ́n nílò kò pọ̀: igun ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí, ọgbà kéékèèké mẹ́ta tí a fi ọparun tàbí pákó yí ká, ṣọ́bìrì kan, àti ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí iṣẹ́ náà kò ní tètè sú. Títò rẹ̀ kò ṣòro. A ó to ewé gbígbẹ, pòròpórò àgbàdo àti lẹ́búlẹ́bú pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú sí ìsàlẹ̀. A ó to èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ tó ti rọ àti ìgbẹ́ adìẹ lé e. A ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìpele-ìpele títí òkìtì náà yóò fi ga tó mítà kan, a ó sì bu omi wọ́n ọn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ ki irin gbọọrọ kan bọ àárín òkìtì náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fà á yọ. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá di apá ibi tí ó wọlé mú kò ní lè dì í mú pẹ́. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ ni a tú òkìtì náà, oru funfun yóò máa rú láti inú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí ìkòkò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé oòrùn ni ó mú un gbóná, ṣùgbọ́n òkìtì tí ó wà lábẹ́ òjìji igi máńgòrò ń gbóná bákan náà, àárín rẹ̀ tí oòrùn kò lè dé ni ó sì máa ń gbóná jù.

Àwọn ìyá tí ń ṣe irú ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti mọ ooru yìí tipẹ́tipẹ́. Wọ́n á se èso irúgbá títí yóò fi rọ̀, wọ́n á bó o, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá dà á sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé bò ó, wọ́n á sì fi àpò wé e mọ́lẹ̀. Kò sí iná lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ náà mọ́. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, tí ìyá náà bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ àpò, ooru ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, irú náà yóò sì ti máa fà. Àwọn ẹ̀dá àìfojúrí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus ni wọ́n ń jẹun níbẹ̀, àwọn ìbátan wọn ni wọ́n sì máa ń pọ̀ jù nínú òkìtì ajílẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná gan-an. Bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ á gbóná. Bí ẹgbàágbèje ẹ̀dá wọ̀nyí bá ń jẹun pa pọ̀, ara tiwọn náà á gbóná, ìta òkìtì yóò sì ṣe iṣẹ́ tí àpò ń ṣe fún irú, tí ooru kò fi ní ráyè sá lọ. Ìdí nìyí tí òkìtì tí kò ju orúnkún lọ kì í fi í gbóná dáadáa: irú tí a kò bò ni.

Àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kọ́ ni wọn yóò parí rẹ̀. Nígbà tí ooru bá kọjá nǹkan bí 45°C, àwọn àkọ́dé á fàyè sílẹ̀ fún àwọn tí ooru bá lára mu, àwọn wọ̀nyí á sì gbé e dé 55°C sí 65°C. Bí 55°C bá dúró fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, púpọ̀ nínú èso èpò, ẹyin aràn àti kòkòrò àrùn inú ìgbẹ́ ẹran yóò kú. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá 70°C, àwọn òṣìṣẹ́ inú òkìtì fúnra wọn ni wọn yóò máa kú. Ìyẹn ni a ṣe ní ọgbà mẹ́ta: a ó fi ṣọ́bìrì kó ti inú ọgbà kìíní sí ìkejì, kí ohun tí ó wà ní ìta lè bọ́ sí àárín, kí afẹ́fẹ́ sì wọlé. Òkìtì náà yóò tún gbóná. Nígbà tí a bá yí i tí kò gbóná mọ́, a ó kó o sí ọgbà kẹta kí ó tutù, kí ekòló wọ̀ ọ́, kí ó sì gbó.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a yé sọ ni pé ajílẹ̀ a máa rùn. Òkìtì tí a tọ́jú kì í rùn. Èyí tí ara rẹ̀ kò yá ni ó ń rùn, òórùn náà sì ń sọ ohun tí ó ń ṣe é. Bí ó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, omi ti lé afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nínú oṣù òjò. Ẹ tú u, kí ẹ fi ewé gbígbẹ sí i. Bí ó bá ń ta ènìyàn ní imú bí irú tí ó pẹ́ jù nínú apẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwọ̀n tí ó dára ni kí kábọ́nù, tí àwọn ẹ̀dá àìfojúrí náà fi ń ní agbára, jẹ́ ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn, tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn. Lẹ́búlẹ́bú pákó ní kábọ́nù lọ́pọ̀lọpọ̀, ìgbẹ́ adìẹ sì ní náítírójìn jù. Amóníà ni òórùn tí ń ta ni nímú yẹn, náítírójìn sì wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ tí à bá fi bọ́ àgbàdo ni ó ń fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Bí ajílẹ̀ bá jinná tán, òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ni yóò máa mú jáde.

Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀, ní ọ̀nà tí ó burú jù, nígbà tí a bá dáná sun pàǹtí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Eérú tí ó kù wúlò fún ilẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ náítírójìn ti bá èéfín lọ. Àwọn àgbà tí wọ́n ń já tẹ̀tẹ̀ létí ààtàn mọ̀ pé pàǹtí tí ó jẹrà ni ó ń mú ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Ààtàn tiwọn kò ní ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bí pàǹtí tiwa, níbẹ̀ ni ètò yìí ti ní àléébù, kò sì sí ooru tí ó lè wò ó sàn. Iṣẹ́ tí ó le jù lọ kò sí nínú ọgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni ó wà, níbi tí ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ ní garawa méjì, kí ó sì máa rántí, lójoojúmọ́, èyí tí èèpo iṣu ń bọ́ sí. Ọmọ tí ó ti di irin gbígbóná yẹn mú sábà máa ń rántí ju àwọn òbí rẹ̀ lọ. Ọ̀rá omi tí ó bọ́ sínú ọgbà kìíní ní oṣù Òkúdù yóò jáde nínú ọgbà kẹta ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ bí ó ṣe wọlé, láàárín ilẹ̀dú tí ó ti jinná, ọwọ́ ni a ó sì fi ṣà á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.