Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Ihò Plato?

Iṣẹ́ ìró fíìmù ni mò ń ṣe. Bí wọ́n bá lọ́ ẹnì kan lápá nínú fíìmù, tí ẹ sì gbọ́ tí eegun dún "kàá", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pòpórò àgbàdo gbígbẹ ni mo dá sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì. Iná tó ń jó ilé ńkọ́? Ọ̀rá bísíkíìtì ni mò ń rún mọ́wọ́. Ẹni tó ń jẹun nídìí irú iṣẹ́ yìí kò lè ka ìtàn ihò Plato bí àwọn yòókù ṣe ń kà á.

Ní nǹkan bí ọdún 375 ṣáájú ìbí Kristi ni Plato, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Republic. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan wà nínú ihò láti kékeré, ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́rùn, ṣẹkẹṣẹkẹ lẹ́sẹ̀, ògiri nìkan ni wọ́n lè wò. Iná ń jó lẹ́yìn wọn. Láàárín iná náà àti wọn, àwọn kan ń gba ẹ̀yìn ògiri kúkúrú kọjá, wọ́n gbé ère ènìyàn àti ti ẹranko sókè, bí àwọn tó ń fi ọmọlangidi ṣeré. Òjìji ère wọ̀nyí lásán ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń rí. Nínú ìwé náà, Socrates, olùkọ́ Plato, ló ń sọ ìtàn yìí fún Glaucon, arákùnrin Plato. Nígbà tí Glaucon ní irú ẹlẹ́wọ̀n wo rèé, èsì tí Socrates fún un ni pé: wọ́n jọ wá.

Gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fíìmù ló ti rí i pé ògiri yẹn jọ aṣọ funfun ilé sinimá. Fíìmù The Matrix, tó jáde lọ́dún 1999, tún sọ ṣẹkẹṣẹkẹ náà di wáyà tí wọ́n fi so ènìyàn mọ́ ayé irọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà nínú ìtàn náà tí wọ́n máa ń fò. Plato ní nínú àwọn tó ń ru ère, àwọn kan ń sọ̀rọ̀, àwọn kan dákẹ́. Socrates wá béèrè pé: bí ògiri bá ń dá gbohùngbohùn padà, ṣé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ò ní rò pé òjìji ló ń fọhùn ni?

Iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn!

Nílé sinimá, ẹ̀yìn aṣọ ni sípíkà máa ń wà, wọ́n á lu aṣọ náà ní ihò wẹ́wẹ́ kí ohùn lè ráyè kọjá. Nílé yín ńkọ́? Ìsàlẹ̀ tẹlifíṣàn tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn ti ń jáde, síbẹ̀ ẹnu òṣèré lẹ ti ń gbọ́ ọ. Ojú ló ń darí etí. Kìkì pé ẹnu àti ohùn gbọ́dọ̀ jọ dé. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, bí ohùn bá fi nǹkan bí ìdá 45 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣáájú àwòrán, òǹwòran á ti fura. Bó bá jẹ́ pé ó pẹ́ ni, ó lè tó ìdá 125 kí wọ́n tó mọ̀. Lójú tèmi, ayé ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀: mọ̀nàmọ́ná á kọ ná kí àrá tó sán. A ò rí i rí kí àrá ṣáájú.

Ibi tí èmi àti Plato ti pínyà rèé. Nínú ìtàn rẹ̀, ẹni tó bọ́, tó jáde rí oòrùn, òjìji ò lè tan án mọ́. Bó bá padà sínú òkùnkùn, àwọn tó kù á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Yẹ̀yẹ́ yẹn ò ṣàjèjì sí mi, torí nílé wa, wọn kì í jẹ́ kí n lanu bí fíìmù bá ń lọ. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì bọ́. Pòpórò tí mo fọwọ́ ara mi dá, nígbà tí mo gbọ́ ọ nínú fíìmù tó ti parí, apá ara mi ni mo sáré dì mú.

Nínú fíìmù, ẹni tó sanwó wọlé mọ̀ pé eré ni. Fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìjà tàbí ìbọn, ẹ pa ohùn rẹ̀ kí ẹ wò ó, lẹ́yìn náà kí ẹ da ojú fóònù délẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohùn nìkan. Bóyá ìró ìbọn kan náà ló ń padà wá lẹ́ẹ̀mẹta láìyàtọ̀. Ẹ tún wo bó ṣe jìnnà tó: ohùn ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí iná ìbọn bá kọ lọ́ọ̀ọ́kán réré, tí ìró rẹ̀ sì bọ́ sí etí yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti jókòó tì í bí mo ṣe máa ń jókòó ti tèmi.