Òfin Ààbò Èbúté Kan Oníkòkó Iléṣà Pẹ̀lú

Òkun jìnnà sí Iléṣà. Ṣùgbọ́n kòkó tí a ń kó jáde níbí, èbúté Àpápá tàbí Tin Can l'Ékòó ló sábà máa ń gbà lọ sílùú òyìnbó. Páàtì ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà fún wa náà, ibẹ̀ ló gbà wọlé. Àwọn oníbàárà mi a máa bi mí pé, "Lọ́yà, kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ olè orí omi?" Owó ló kàn yín. Bí àwọn adójútòfò bá ka omi wa sí ibi eléwu, wọ́n á bu owó lé ti ọlọ́kọ̀ òkun. Ọlọ́kọ̀ á bù ú lé ẹni tó ń kó kòkó lọ, onítọ̀hún á sì yọ ọ́ nínú iye tó fẹ́ san fún àgbẹ̀.

Kí ó tó di ọdún 2019, àlàfo ńlá wà nínú òfin wa. Lábẹ́ àdéhùn àgbáyé ti 1982 lórí òkun, ìkọlù tó bá wáyé kọjá máìlì òkun 12 sí etíkun ni wọ́n ń kà sí ti ajalèlókun. Èyí tó bá wáyé láàárín máìlì 12 yẹn, ìdigunjalè ni, orílẹ̀-èdè tó ni omi ni yóò sì fi òfin tirẹ̀ bójú tó o. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn náà láti 1986. Àmọ́ abala 12 ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé àdéhùn tí ìjọba bá bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe kò lágbára níbí, àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Nítorí náà, bí ọmọ ogun ojú omi bá mú ajalèlókun, agbẹjọ́rò ìjọba ní láti wá ẹ̀sùn mìíràn tó jọ ọ́ kà sí i lọ́rùn.

Oṣù kẹfà ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó dí àlàfo náà. Ajalèlókun lè lọ sẹ́wọ̀n gbére, kí ó san owó ìtanràn tó lè tó 50 mílíọ̀nù náírà, kí ó sì dá ohun olóhun padà. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán ọkùnrin mẹ́wàá lẹ́wọ̀n ọdún 12 nítorí wọ́n já ọkọ̀ apẹja ilẹ̀ Ṣáínà kan gbà. Àwọn kan ní ọdún 12 kéré. Èmi ò bá wọn jà. Ohun tó wú mi lórí ni pé ẹ̀gbẹ́ Côte d'Ivoire ni wọ́n ti gba ọkọ̀ náà, síbẹ̀ Èkó ni wọ́n ti dájọ́. Kí òfin yìí tó dé, lọ́yà wọn ì bá kọ́kọ́ béèrè pé kí ló kan Nàìjíríà níbẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà èbúté ni iṣẹ́ kù sí. Lẹ́yìn tí àwọn agbésùnmọ̀mí kọlu Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òkun lágbàáyé gbé ìlànà ISPS kalẹ̀ lórí ààbò ọkọ̀ àti èbúté, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2004. Gbogbo èbúté tó ń gba ọkọ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ní ètò ààbò tí a kọ sílẹ̀, kí ó ní òṣìṣẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ ààbò wà lọ́rùn rẹ̀, kí ó sì mọ ẹni tó ń wọlé. NIMASA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, ló ń bójú tó o ní Nàìjíríà.

Ibí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ la ojú yín. Bí kọ́ńténà bá dé èbúté, kọ́sítọ́ọ̀mù lè ṣí i, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti egbòogi olóró, náà lè fẹ́ ṣí i. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, síìlì àkọ́kọ́, ìyẹn èdìdì tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ti já nìyẹn. Bí wọ́n bá wá bá egbòogi olóró láàárín àpò kòkó yín, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló di ẹrù náà. Torí náà, ẹ ya fọ́tò síìlì lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti fi í, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì ní kí ajẹ́ńtì gba ìwé fún gbogbo síìlì tí wọ́n bá pààrọ̀. Lọ́dún 2017, Ọ̀ṣínbàjò, tó ń delé fún ààrẹ, pàṣẹ pé kí gbogbo àjọ tó wà ní èbúté máa ṣiṣẹ́ pọ̀ lójú kan.  Bí ẹ bá bi mí, irú ìṣiṣẹ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe wá láǹfààní ju pé kí wọ́n tún dá àjọ mìíràn sílẹ̀ kí ó wá máa ṣí kọ́ńténà.

Ní ti odò àti ọ̀sà inú ilẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ lóṣù kìíní ọdún 2024 pé ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà, kì í ṣe ti ìjọba Èkó.

Àwọn baba wa òṣómàáló lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi sanwó. Ọkọ̀ òkun kì í dúró de ẹni tó lóṣòó. Ọ̀pọ̀ ìwé ìkẹ́rù tí ọlọ́kọ̀ òkun ń fún ẹni tó kó ẹrù ló fi ọdún kan péré sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́. Bí ẹ̀yin àti ọlọ́kọ̀ akẹ́rù orí títì bá ní aáwọ̀, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ní Iléṣà níbí lè gbọ́ ọ. Ti ẹrù tó bá bàjẹ́ tàbí tó sọnù lórí òkun, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ, ó sì wà ní Òṣogbo.