Mástà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ọ̀nà Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn: Ta Ló Ń Ṣe Láǹfààní?

Ìpolówó kan wọ́pọ̀ lórí fóònù àwọn ọmọ tó parí Biochemistry, Microbiology tàbí Anatomy: ẹ jókòó sílé, ẹ fi ọdún kan ṣe mástà, kí ẹ gba ibẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ní Kàbà, ní Ẹ̀gbẹ̀, ní Ìsánlú àti ní Ìyàrá, àwọn ọmọ tó ti ń lé Medicine láti sẹ́kọ́ńdìrì, àmọ́ tí máàkì JAMB gbé wọn sọ sí ẹ̀ka míì, ni ìpolówó yìí ń wọ̀ lọ́kàn jù. Ó ń dé etí àwọn òbí náà, àwọn tó fẹ́ fi owó kajú ọdún yìí ti ọmọ lẹ́yìn. Mástà yìí wà lóòótọ́, kì í ṣe gbájúẹ̀. Àmọ́ ìṣòro kan pàtó ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti yanjú, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń san owó rẹ̀ ni kò sì ní ìṣòro yẹn rárá. Tiwọn yàtọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ kì í kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì kó bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn bíi ti Nàìjíríà. Dìgírì àkọ́kọ́ ló ń kọ́kọ́ gbà, èyí tó sábà máa ń gba ọdún mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ tó bá wù ú ló lè kọ́, ìbáà jẹ́ ìtàn tàbí orin, níwọ̀n ìgbà tó bá ti ṣe bàólójì, kẹ́místírì àti físíìsì tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń béèrè, pẹ̀lú lábù wọn. Lẹ́yìn náà ló kan ìdánwò ìwọlé tí wọ́n ń pè ní MCAT. Ìpín mẹ́rin ni ìdánwò náà ní, máàkì ìpín kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 118 títí dé 132, àpapọ̀ rẹ̀ sì wà láàárín 472 sí 528. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jókòó fún un ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún méjì, àti ẹ̀ẹ̀meje ní gbogbo ayé rẹ̀. Nígbà tí gbogbo èyí bá pé, ẹni tó ń wá oyè MD á fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ AMCAS, ẹni tó ń wá oyè DO á gba AACOMAS, ìyẹn àwọn ibi ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pín ìwé náà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Dókítà kíkún ni àwọn méjèèjì lọ́hùn-ún.

AMCAS ló ń ṣírò GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà ní yunifásítì, ìṣírò yìí sì ni ìpolówó kì í ṣàlàyé. Ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ṣe kírẹ́dìtì 120 fún dìgírì àkọ́kọ́, tó sì jáde pẹ̀lú 2.8 nínú 4. Bó bá padà lọ ṣe kírẹ́dìtì 30 sí i ní ìpele dìgírì àkọ́kọ́ kan náà, tó sì gba A nínú gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, GPA rẹ̀ á di 3.04. Gbogbo làálàá yẹn, 0.24 péré ló fi kún un. Bó bá wá jẹ́ mástà ló fi kírẹ́dìtì 30 náà ṣe, 2.8 kò ní kúrò níbi tó wà. Ìlà ọ̀tọ̀ ni AMCAS ń kọ GPA mástà sí, kì í dà á pọ̀ mọ́ ti dìgírì àkọ́kọ́. Àwọn tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ MD ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìpíndọ́gba GPA wọn ń sún mọ́ 3.8, ti MCAT wọn sì ń sún mọ́ 512. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé mástà á nu máàkì àtijọ́ nù, wọ́n ti ṣì í lọ́nà.

Kí wá ni mástà ń ṣe? Ẹ̀rí ni. Ó ń sọ fún ìgbìmọ̀ tó ń gbani wọlé pé ẹni tó kùnà ní ọdún 19 sí 21 rẹ̀, bóyá nítorí àìsàn, bóyá nítorí iṣẹ́ àṣekú tó fi ń bọ́ ara rẹ̀, ti lè gbé ẹ̀kọ́ ìṣègùn báyìí. Èyí tó lágbára jù nínú irú mástà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Special Master's Program. Yunifásítì Georgetown bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1975, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà ṣe é ṣì ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé: akẹ́kọ̀ọ́ mástà á máa kọ́ lára ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń kọ́, wọ́n á sì fi máàkì rẹ̀ wé tiwọn. Bó bá ṣe dáadáa láàárín wọn, ìgbìmọ̀ ti rí ohun tó ń wá. Bó bá ṣe é tì, ilẹ̀kùn náà lè tì pátápátá, nítorí kò sí àwáwí míì tó kù. Mástà yìí lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́ bó ṣe lè tún un ṣe, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ronú nípa rẹ̀ mọ èyí kó tó forúkọ sílẹ̀.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan tún ń ṣàdéhùn pé ẹni tó bá dé GPA báyìí àti MCAT báyìí nínú mástà wọn máa rí ìpè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tiwọn. Àdéhùn gidi ni, ṣùgbọ́n ìpè nìkan ni, kì í ṣe ìgbàwọlé.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: Physiology ni Physiology, ibi yòówù kí a ti kọ́ ọ. Ohun tó ń sọnù ni gbogbo ohun tó yí ẹ̀kọ́ ká. Ọ̀pọ̀ mástà orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fi akẹ́kọ̀ọ́ wé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan, nítorí náà A tó gbà níbẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ tó A ti Special Master's. Olùkọ́ tí kò rí i rí á kọ lẹ́tà tó tẹ́ẹ́rẹ́ fún un. Lábù kò sí. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn sì dúró lórí pé lábù gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúkojú. Ibi tí wọ́n ti ń wo ohun tí ilé ẹ̀kọ́ MD kọ̀ọ̀kan ń béèrè ni àkójọ tí wọ́n ń pè ní MSAR, tí AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà, ń tẹ̀ jáde.

Ìgbìmọ̀ tún ń wò ó bóyá ẹni yìí ti dúró ti aláìsàn rí. Mástà kò lè fúnni ní èyí, ìbáà jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ti ojúkojú. Ọmọ Yàgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, tó ń bá wọn gba káàdì, tó ń tẹ̀ lé dókítà láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, ti ní nǹkan tí ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ní.

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ yìí dá lórí ẹni tó gba dìgírì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí máàkì rẹ̀ sì rọ̀. Òun ni wọ́n dá mástà náà sílẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gba dìgírì ní Ìlọrin, ní Zaria tàbí ní Anyigba yàtọ̀ gédégédé, ibí yìí sì ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. AMCAS kì í ṣírò máàkì yunifásítì Nàìjíríà. Kì í ṣe pé wọ́n ní kò dára. Wọn kì í fi wọ inú ìṣírò ni. First Class tàbí Third Class, kò sí GPA tí ìgbìmọ̀ máa rí láti inú rẹ̀ lójú ìwé yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì ń béèrè pé kí èèyàn ti kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Amẹ́ríkà tàbí Kánádà. Àwọn kan fẹ́ ọdún kan, àwọn kan fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan kò gbà ju odindi dìgírì lọ. Àwọn tí kì í gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè rárá kò mọ níwọ̀n. Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ wà lórí òǹkà: 3.5 tí àwọn ìpolówó ń dárúkọ, nínú 4 ni wọ́n ń kà á. 3.5 ti ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, nínú 5 ni. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ǹjẹ́ mástà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti yunifásítì Amẹ́ríkà lè dúró fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń béèrè yẹn? Ní ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọ̀pọ̀, ìpele dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wá, wọ́n sì fẹ́ kí èèyàn ti jókòó nínú kíláàsì. Ọmọ Okun tí àǹtí rẹ̀ wà ní Maryland tàbí Texas, tó sì ti ní ìwé ìgbé ayé (green card) lọ́hùn-ún, máa jèrè ju mástà lọ bó bá forúkọ sílẹ̀ fún kírẹ́dìtì dìgírì àkọ́kọ́ ní yunifásítì ìjọba tó sún mọ́ ọn. Owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀ náà.

Físà ń kọ́? Mástà tó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì látòkè délẹ̀ kì í mú físà akẹ́kọ̀ọ́ wá. Òfin físà F-1 kò gbà ju kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, tàbí kírẹ́dìtì mẹ́ta, láti kà mọ́ ẹ̀kọ́ kíkún ní sáà kan. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ láti Mọ̀pà, Mọ̀pà ló ti máa parí rẹ̀. Tó bá sì wá rí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó gbà á, kò ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń ní kí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kó owó ọdún kan, tàbí ti ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sí báǹkì kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ìgbé ayé pàápàá ní láti ṣọ́ra, nítorí òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2025 fòpin sí ẹ̀yáwó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Grad PLUS fún àwọn tuntun láti oṣù keje 2026. Ẹ̀yáwó mástà kò gbọ́dọ̀ kọjá $20,500 lọ́dún mọ́, ti ìṣègùn kò sì gbọ́dọ̀ kọjá $50,000 lọ́dún.

Fún ẹni tó bá ṣì pinnu láti ṣe é láti ilé, ó yẹ kó mọ bí ìgbé ayé rẹ̀ ṣe máa rí. Kíláàsì tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́ ní New York, aago méjìlá òru ni ní Kàbà. Nígbà òtútù wọn, ó di aago kan òru. Ìdánwò máa ń wá pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí iná bá lọ, tí nẹ́tíwọ̀kì sì lọ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀rọ lè ti ìdánwò náà pa, àlàyé á wá di ọ̀rọ̀ í-meèlì ọ̀sẹ̀ méjì. Sólà tó dúró dáadáa, káàdì nẹ́tíwọ̀kì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti yàrá tó dákẹ́ jẹ́ ara owó ilé ẹ̀kọ́ náà, bí wọn ò tiẹ̀ kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Ní àwọn ìlú wa tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà níbẹ̀. AMCAS ń ṣí ní oṣù karùn-ún fún àwọn tó máa wọlé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi ìwé ránṣẹ́ kí mástà tó bẹ̀rẹ̀ ti ránṣẹ́ láìsí máàkì mástà kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró kó parí kó tó ránṣẹ́ á ní ọdún kan tí kò sí ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ka ọdún yẹn mọ́ ìnáwó wọn.

Fún ẹni tó jẹ́ pé Nàìjíríà ló fẹ́ ti di dókítà, mástà kò já mọ́ nǹkan kan níbi tí wọ́n ti ń gbani wọlé, ìbáà jẹ́ ti Amẹ́ríkà tàbí ti NOUN. MBBS jẹ́ dìgírì àkọ́kọ́ níbí. Ọdún mẹ́fà ni fún ẹni tó gba UTME wọlé, ó sì jẹ́ márùn-ún fún ẹni tó gba Direct Entry. Ohun tí Direct Entry ń wò ni máàkì IJMB tàbí JUPEB, tàbí dìgírì àkọ́kọ́ tó dára nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, pẹ̀lú krẹ́díìtì márùn-ún ti WAEC tàbí NECO nínú Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Físíìsì, Kẹ́místírì àti Bàólójì. Àjọ MDCN, tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló ń sọ iye ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ìdí nìyí tí ìjà àyè náà fi le, ní Ìlọrin àti ní Anyigba bákan náà. Owó mástà ọdún kan ní Amẹ́ríkà lè san IJMB, kó tún ku èyí tí ọmọ máa fi gbé àwọn ọdún àkọ́kọ́ MBBS níbí.

Kí ẹnikẹ́ni tó san owó ìforúkọsílẹ̀, ó yẹ kó fi í-meèlì ránṣẹ́ sí ibi méjì. Kó bi ọ́fíìsì mástà náà pé, nínú àwọn tó wá pẹ̀lú dìgírì láti Áfíríkà, mélòó ló ti wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ilé ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n sì wọ̀. Kó wá bi ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó ń lé pé ṣé wọ́n ń gba ọmọ Nàìjíríà tí kò ní ìwé ìgbé ayé, ṣé wọ́n ka kírẹ́dìtì mástà orí íntánẹ́ẹ̀tì sí, ṣé wọ́n á sì gba lábù tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. Kó tọ́jú èsì náà, kó má gba ti ẹnu lórí fóònù. Bí ọ́fíìsì mástà bá dáhùn gbogbo ẹ̀ tí wọ́n sì fo ìbéèrè iye yẹn, kó tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó mú owó jáde.