Òǹtẹ̀ Ni Kí Ẹ Gbà, Kì Í Ṣe Owó Míníra

Ó ti sú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Táwọn ilé-ìwé bá ti wọlé, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì nínú Ifẹ̀ níbí á kó ara wọn jọ, wọ́n á láwọn fẹ́ lọ bá kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù àwọn sọ̀rọ̀, lórí gọ́tà, lórí ààtàn, lórí ọ̀nà tí ò ṣeé gbà tí òjò bá ti rọ̀, inú mi á sì dùn torí mo fẹ́ràn ọmọ tó bá lè la ẹnu. Tó bá di ọjọ́ kejì, fọ́tò ti dé orí WhatsApp: àwọn ọmọ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, Honorébù wà láàárín, tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo wọn ń fẹyín. Màá wá pè wọ́n, màá ní kí lẹ gbà bọ̀? "Wọ́n láwọn ti gbọ́ sà." Lẹ́tà yín ńkọ́? "A ò kọ lẹ́tà sà, ẹnu la fi sọ ọ́." Ó tán? "Wọ́n tún fún wa lówó míníra sà."

Owó míníra yìí ló jẹ́ kí n kọ ohun tí mò ń kọ lónìí.

Iṣẹ́ kíláàkì ni mo fi jẹun ní káńsù títí mo fi gba rítáyà. Táwọn kánsẹ́lọ̀ bá jókòó ìpàdé, èmi ni mò ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, èmi ni mò ń to ohun tí wọ́n máa jíròrò lé lórí, lẹ́tà tó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ olórí ilé, ìyẹn olórí àwọn kánsẹ́lọ̀, ọwọ́ mi ló ń gbà kọjá. Kò sí ọ́dítọ̀ tó wá tó rí àléébù nínú ìwé mi, mo sì ń fi ìyẹn yangàn. Torí náà tí mo bá ní báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ nínú ilé yẹn, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Mi ò ní máa ṣàlàyé ohun tí kánsẹ́lọ̀ jẹ́ fún yín, wọ́n ti kọ́ yín ní Sífíìkì. Ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣìnà ni pé ẹ̀ ń kó ẹrù ẹlẹ́rù lọ bá a. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé òfin 1999, Fourth Schedule, iṣẹ́ káńsù wà níbẹ̀ kedere: ọjà, garéèjì, ilé ìgbẹ́ ìta gbangba, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, itẹ́ òkú, títì inú àdúgbò àti gọ́tà ẹ̀ àti iná ojú títì, kíkó ìdọ̀tí, títí kan sísọ àdúgbò lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ilé. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sí Iléṣà, ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, kánsẹ́lọ̀ ò lè fi ṣọ́bìrì kàn án. Iná NEPA, tiẹ̀ kọ́. Òrùlé kíláàsì sẹ́kọ́ńdìrì tó ń jò, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni, ẹ gbé ìyẹn lọ bá ẹni tó ń ṣojú yín ní Òṣogbo, àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nílé aṣòfin, ọ̀kan nínú wọn ni tiyín. Mo ti kọjá ibẹ̀ yẹn.

Òǹtẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́tà méjì lẹ máa tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà, ìwé kan náà. Ẹ máa kó méjèèjì lọ sí rẹ́jísírì, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, ní sẹ́kítéríàtì káńsù, kì í ṣe ilé Honorébù, kì í ṣe ibi àríyá, kì í ṣe iwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ á gba ọ̀kan, á lu òǹtẹ̀ "Received" sí èkejì, á kọ déètì, á sáìn, ìyẹn lẹ máa gbé padà sílé. Tó bá ní kẹ́ ẹ máa lọ, òun á lù ú tó bá yá, ẹ má lọ. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, ẹ ní ẹ kú iṣẹ́ mà, a máa dúró mà. Mo mọ àwọn ènìyàn mi, tí wọ́n bá rí ọmọ aṣọ ilé-ìwé mẹ́ta tó jókòó jẹ́jẹ́ tí ò fẹ́ lọ, òǹtẹ̀ á jáde láti inú dúrọ́ọ̀. Kẹ́ ẹ sì wo déètì tó wà lára òǹtẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó dìde o, torí òǹtẹ̀ tí wọn ò yí déètì ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà, mo ti rí i.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo òǹtẹ̀? Torí pé láti ìgbà tó bá ti wà lára ìwé yẹn, lẹ́tà yín ti ní nọ́ńbà nínú rẹ́jísítà, ó ti wọ fáìlì, fáìlì sì gbọ́dọ̀ rìn. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ á kọ nǹkan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, á darí ẹ̀ sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde tàbí àwọn wolé-wolé, àwọn náà á ní láti kọ èsì. Ẹnikẹ́ni tí fáìlì bá kú sí lọ́wọ́, orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Àgbàlagbà ní káàdì ìdìbò tó fi ń dẹ́rù ba òṣèlú, ẹ̀yin ò tíì pé 18, wọ́n sì mọ̀, ìwé tó lóǹtẹ̀ yẹn ni káàdì tiyín.

Nínú lẹ́tà náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kì í ṣe gọ́tà àti ọlọ́pàá àti báńkì àti pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí, láti ilé tó ní géètì aláwọ̀ ewé sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sọ bí omi ṣe ń ga tó, ẹ fi fọ́tò sí i. Gírámà ńlá ò ṣe nǹkan kan fún yín. Ẹ jẹ́ kó wọlé kí oṣù kẹsàn-án tó parí, torí January ni ọdún ìnáwó káńsù ń bẹ̀rẹ̀, ìparí ọdún ni wọ́n ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, ohun tí ò bá ti wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àánú lẹ máa máa bẹ̀.

Tí wọ́n bá wá pè yín wọlé, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ọmọ Yorùbá ni yín. Tẹ́ ẹ bá kí wọn tán, ẹ dìde, kẹ́ ẹ dúró sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, ẹ̀yin ò sì wá bẹ̀bẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nígboro tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ilé-ìwé pé àwọn á kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, wọ́n á fún wọn ní sẹ̀tífíkéètì, wọ́n á so táì pupa mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á ní kí wọ́n máa pe ara wọn ní Sípíkà àti Sẹ́nétọ̀. Mo bi ọmọ kan tó gba sẹ̀tífíkéètì yẹn pé níbo ni rẹ́jísírì wà, kò mọ̀ ọ́n. Jìbìtì ni, ẹ̀yin òbí, ẹ gba owó yín padà. Ẹni tí ò kọ mínííìtì ìpàdé káńsù kan rí láyé ẹ̀, kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ yín?

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni tàwọn tó ń sọ fáwọn ọmọ pé omi tó ń ya wọ àdúgbò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kánsẹ́lọ̀, wọ́n ní odò Ẹ̀sìnmìrìn ló ń bínú, pé ètùtù ló yẹ kí wọ́n ṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún ìṣẹ̀ṣe, ọmọ Ifẹ̀ ni mí, mo mọ ohun tí Mọ́remí fi sílẹ̀ lódò yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá pọ́ọ̀ wọ́tà tó dí ẹnu kọ́fàátì, ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, Ẹ̀sìnmìrìn kọ́ ló mu omi inú ẹ̀ tó jù ú síbẹ̀. Ẹ fi odò sílẹ̀ jàre, ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà.

Àwọn àgbà kan náà ló máa ń sọ pé ọmọdé ò gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹ ò lójú tì? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀, gbogbo ìpàdé lẹ ti ń pa á lówe, tí ọmọdé bá wá fẹ́ lo ọgbọ́n tiẹ̀ ẹ ó ní kó lọ bu omi. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 1991, abala 12 nínú ẹ̀ ní kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu ọmọ nínú ọ̀rọ̀ tó bá kàn án. Omi tó ń wọ kíláàsì ẹ̀, ta ló tún fẹ́ kàn jù ú lọ?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti owó míníra. Ilé-ìwé kan ní agbègbè wa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kọ́fàátì kan wà lẹ́yìn ọgbà wọn tó ti wó sínú, tí òjò bá rọ̀ àwọn ọmọ JSS1 á bọ́ bàtà, wọ́n á gbé e lé orí. Ọmọbìnrin kan wà láàárín àwọn ọmọ SS2, ìyá ẹ̀ ń ránṣọ, ó mú tẹ́ẹ̀pù ìyá ẹ̀ lọ síbẹ̀, ó wọn kọ́fàátì yẹn ní ìbú ní òró, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára fẹ́ǹsì níbi tí omi ga dé, gbogbo ẹ̀ ló kọ sínú ìwé nóòtì. Mo rí ìwé yẹn, ẹnjiníà ò bá ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbéra, tíṣà kó wọn lọ sílé kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wọn. Ó gbọ́, ó yìn wọ́n, ó ní òyìnbó wọn dùn, ó wá mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà jáde, ó ní kí wọ́n fi mu míníra. Tíṣà ní kí wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́. Wọn ò tíì dé ilé tí ìjà owó ti bẹ̀rẹ̀, tíṣà mú ti transport, àwọn ọkùnrin ní àwọn pọ̀ jù, ọmọ tó wọn kọ́fàátì ò rí ju gala kan lọ.

Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, ọmọ JSS1 kan já sínú kọ́fàátì yẹn, ó kán lápá. Àwọn ọmọ náà tún padà lọ bá ọkùnrin yìí, ó ní, "Ṣebí mo ṣe yín dáadáa lọ́jọ́sí, kí lẹ tún wá gbà?" Ó wọ ìpàdé, ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé pé àwọn ọmọ ilé-ìwé yẹn, alágbe ni wọ́n. Mo jókòó níbẹ̀, mo di bírò mú, mo sì mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, ṣùgbọ́n kíláàkì kì í sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, ìwé ló ń sọ̀rọ̀ fún un, kò sì sí ìwé kankan ní rẹ́jísírì tí mo lè gbé síwájú olórí ilé. Ó ṣì ń dùn mí. Apá ọmọ yẹn ò nà tán títí dòní.

Àwọn ọmọ tó tẹ̀lé wọn nílé-ìwé yẹn ló wá kọ lẹ́tà tó lóǹtẹ̀. Káńsù ò kọ́ kọ́fàátì tuntun fún wọn o, wọ́n kàn wá kó ìdọ̀tí inú ẹ̀, wọ́n da kọnkéré sí ibi tó wó. Ṣùgbọ́n wọ́n wá.

Torí náà tí wọ́n bá na owó sí yín, ẹ ní ẹ ṣé sà, wọ́n ò gbà wá láyè láti gbowó nílé-ìwé wa. Tí wọ́n bá ní owó ò sí ní káńsù, ó lè jẹ́ òótọ́: Supreme Court ti ní kí owó káńsù máa lọ sọ́dọ̀ káńsù tààrà láti ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ṣùgbọ́n wàhálà ta ló ni àga káńsù tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun níbí ní 2025 mú kí wọ́n dá owó dúró. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé owó ò sí. Òfin Freedom of Information ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì tẹ́ ẹ bá béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn, "ẹnikẹ́ni" ni òfin yẹn pè, kò béèrè ọjọ́ orí, kò sì ní kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe.

Kẹ́ ẹ ra fáìlì kan, èyí tó ní okùn. Ẹ̀dà tó lóǹtẹ̀ níwájú, fọ́tò lẹ́yìn ẹ̀, èsì tí wọ́n bá fún yín lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ déètì gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ béèrè sára páálí. Ẹ má gbé e fún tíṣà, wọ́n máa ń gbé tíṣà lọ ilé-ìwé míì. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ jókòó WAEC, ẹ pe àwọn SS1, ẹ mú wọn lọ wo ibi tí rẹ́jísírì wà, kẹ́ ẹ wá fa fáìlì náà lé wọn lọ́wọ́.