Ẹ̀yin Ọdẹ, Ọta Tí Ẹ Yọ Kúrò Nínú Ẹran Kọ́ Ni Òjé Tí Ọmọ Yín Ń Jẹ

Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iná bá ti jó ìgbẹ́ lápá Kwali àti Abaji tí ẹran kò sì rí ibi sá pamọ́ sí mọ́, ni àwọn ìyá ọmọ máa ń fi ìwé di ọta òjé tí wọ́n yọ nínú ọ̀yà tàbí ẹtu wá bá mi, tí wọ́n á tú u sórí tábìlì, tí wọ́n á sì ní kí n fọkàn balẹ̀, nítorí pé àwọn ti ṣà á tán kí àwọn tó bu ẹran fún ọmọ. Dókítà àwọn ọmọdé ni mí, àwọn ọdẹ Yorùbá tó ń gbé ní agbègbè Abuja sì pọ̀ lára àwọn òbí tí mo ń bá tọ́jú ọmọ. Mo ti fi ẹnu sọ ọ́ títí pé òjé (lead) tó ṣẹ́ kù nínú ẹran lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọta jẹ́ májèlé fún ọmọ. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè kà á tán kó tó wá.

Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn ọta tí ẹ yọ, kí ẹ wò ó dáadáa. Nígbà tó wà nínú katiríìjì, ó rí roboto. Nígbà tí ẹ yọ ọ́ nínú itan ẹran, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tẹ́, etí rẹ̀ sì ti ya. Inú ẹran ni ohun tó ya kúrò lára rẹ̀ wà. Òjé rọ̀, bó bá sì ti ba egungun, ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, tí ahọ́n kò lè mọ̀, tí eyín kò sì lè bá pàdé. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2010 lórí àwọn ẹyẹ ìgbẹ́ tí wọ́n rà ní Ìlú Ọba, wọ́n se ẹran náà bí àwọn ènìyàn ṣe ń sè é, wọ́n yọ gbogbo ọta tí wọ́n rí, síbẹ̀ òjé tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀pọ̀ nínú ẹran náà ju ìwọ̀n tí òfin Yúróòpù gbà láyè nínú ẹran ọ̀sìn lọ, ìyẹn miligíráàmù 0.1 nínú kílò kan. Ohun kíkan tún máa ń mú kí òjé yọ́ sínú oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ tòmátò ni a fi ń se ọbẹ̀ ní ilé wa, omi ọbẹ̀ yẹn gan-an ni a sì ń rọ sórí oúnjẹ ọmọ tí kò tíì ní eyín tí yóò fi jẹ ẹran.

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni bàbá tó jẹ nínú ẹran kan náà tí kò rí nǹkan kan, tó wá ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ara ọmọdé máa ń gba òjé tó bá gbé mì ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ohun tí ara àgbàlagbà ń gbà, pàápàá ọmọ tí kò jẹun kánú, tí èròjà irin àti kálísíọ́mù kò tó lára rẹ̀. Ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òjé àti kálísíọ́mù, nítorí náà inú egungun ló ń kó o pamọ́ sí, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí obìnrin yóò fi lóyún, tí egungun rẹ̀ yóò máa yọ kálísíọ́mù fún ọmọ inú, tí òjé yóò sì bá a jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọ ló ń bà jẹ́ jù. Ọmọ tí ìwé kò wọ̀ lórí, tí kò lè jókòó sójú kan, tí olùkọ́ ń nà, tí ìyá ń pè ní olórí kunkun, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kí a yẹ̀ wò.

Àwọn ọdẹ kan ní Gwagwalada pè mí sí ìpàdé wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé ayé ń kọ òjé sílẹ̀, pé ọta irin ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Mo fara balẹ̀ gbọ́ wọn, wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Àgbà ọdẹ kan sọ pé irin fúyẹ́, pé ẹran tí a bá fi irin ta yóò gbé ọgbẹ́ wọgbó, yóò sì lọ kú síbi tí ajá kò ti ní rí i. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Òjé tó kún kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà kan wúwo tó gíráàmù 11.3, ti irin kò sì ju 7.8 lọ, nítorí náà ọta irin kì í gbé agbára rìn jìnnà tó ọta òjé tí wọ́n bá jọ tóbi bákan náà. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ọdẹ lo ọta irin tó fi ìwọ̀n méjì tóbi ju ti òjé tó ń lò tẹ́lẹ̀, kó sì sún mọ́ ẹran kó tó yìnbọn, ohun tí kò yẹ kí ọdẹ tó gbọ́n ìgbẹ́ kà sí ìyà. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn ọdẹ ní katiríìjì láti fi ta àdàbà, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó jẹ́ òjé àti èyí tó jẹ́ irin. Iye ẹyẹ tí wọ́n pa kò yàtọ̀, wọn kò sì lè sọ èyí tó wà nínú ìbọn wọn.

Ẹlòmíràn ní irin yóò ba ẹnu ìbọn jẹ́. Kò burú bó bá bẹ̀rù, nítorí ìbọn àtijọ́ tí ẹnu rẹ̀ fún kò yẹ fún ọta irin, ẹni tó bá sì ní irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìbọn tún ṣe kó tó dán an wò. Ọta bismuth wà, tí kò le bí irin, tí kò sì ní oró bí òjé, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì rọrùn láti rí lọ́jà wa. Ní ti owó, mi ò ní ìdáhùn tí yóò tẹ́ ọdẹ lọ́rùn, mo sì gbà pé ìjọba tó bá fòfin de òjé láìjẹ́ kí ọta mìíràn wà ní iye tí ọdẹ lè rà, ìyà ló fi ń jẹ ọdẹ.

Ẹni tí mi ò lè gbà fún ni ẹni tó ní àwọn bàbá wa lo òjé títí wọ́n fi darúgbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ Ògún, irin ni ti Ògún, ọwọ́ àwọn olóòṣà Ọbàtálá sì ni a ti mọ ẹ̀gbà òjé. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá yẹn, àfọ́kù irin ni wọ́n ń rọ sínú ṣakabùlà. Àwọn tó lo òjé nínú wọn kò rí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn wò, ọmọ tó bá sì kú ní kékeré, àbíkú ni wọ́n pè é, ọ̀rọ̀ sì parí.

Àwọn ọdẹ ilẹ̀ mìíràn náà jiyàn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbà. Amẹ́ríkà fòfin de ọta òjé fún títa pẹ́pẹ́yẹ àti àwọn ẹyẹ omi káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1991, nítorí pé àwọn ẹyẹ ń gbé ọta mì bí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń kú. Denmark fòfin de ọta òjé pátápátá ní ọdún 1996, wọ́n ṣì ń ṣọdẹ níbẹ̀ títí di òní. Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án tó ń ṣojú àwọn ọdẹ àti àwọn onílẹ̀ ló fúnra wọn kéde ní ọdún 2020 pé àwọn fẹ́ fi òjé sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún.

Gbogbo èyí kéré sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé yín. Nítorí pé katiríìjì wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú yín ń ra bátìrì mọ́tò tó ti kú, ẹ ń fọ́ ọ, ẹ ń yọ́ òjé inú rẹ̀ lórí ààrò, ẹ sì ń dà á sí ọta fúnra yín. Òjé ń yọ́ ní nǹkan bíi 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iná igi lásán sì ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èéfín rẹ̀ ń wọ inú aṣọ tí ẹ fi ń gbé ọmọ, ìdàrọ́ tí ẹ gbá kúrò lójú rẹ̀ sì ń di eruku nínú iyanrìn tí ọmọ fi ń ṣeré, kò sì sí òjò tí yóò fọ̀ ọ́ kúrò.

Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá bá mi láti ọ̀nà Kuje, tó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún méjì. Olùṣọ́ ni bàbá rẹ̀ lóru, ó sì ń ṣọdẹ lópin ọ̀sẹ̀. Inú ọmọ náà ti ń run ún, kò lè yàgbẹ́, ó sì ti ń gbàgbé àwọn ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ. Ẹnì kan tó ń ta àgbo ní gáréèjì ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ń fún un lágbo títí ọmọ fi gbẹ. Ẹlòmíràn ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń pè é, ó sín in ní gbẹ́rẹ́ lórí. Ẹ̀yìn ìgbà tí gìrì ti gbé e lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n tó rántí ilé ìwòsàn, epo pupa tí wọ́n rọ sí i lẹ́nu ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Epo pupa kì í yọ òjé nínú ẹ̀jẹ̀, wàrà kì í yọ ọ́, àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò lè fọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì ń tà á fún ìyá ọmọ tí gìrì ń mú, ó ń fi ẹ̀mí ọmọ náà ṣòwò.

Òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti kọjá 45 máíkírógíráàmù nínú désílítà kan dáadáa, ìwọ̀n tí a ti ń lo oògùn succimer láti fa òjé jáde. Bàbá rẹ̀ fẹ́ gba oògùn kó sì máa gbé e lọ sílé. Mo kọ̀. Ní ọdún 2010, nígbà tí òjé pa ọmọdé tó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù nínú agboolé, àjọ Médecins Sans Frontières, àjọ àwọn dókítà tó ń ṣèrànwọ́ káàkiri ayé, kò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ ní abúlé tí wọn kò tíì kó ilẹ̀ olóró kúrò. Àwọn ará Bagega, ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà, dúró títí di ọdún 2013 kí wọ́n tó tún ilẹ̀ wọn ṣe. Ọmọ tí a bá tọ́jú tán tó sì padà sórí iyanrìn kan náà, a kò tíì tọ́jú rẹ̀. Bàbá náà bínú sí mi gan-an, ṣùgbọ́n ó lọ, wọ́n bomi rin ilẹ̀ kí eruku má baà gbé, wọ́n hú u kúrò, wọ́n kó o jìnnà sí kànga, wọ́n sì da amọ̀ tuntun sórí ojú ibẹ̀. Ọmọ náà yè. Díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má yọ́ òjé nínú ilé mọ́, láti òní lọ. Ẹran tí ẹ bá fi òjé pa, ẹ gé gbogbo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti dì yíká ojú ọgbẹ́ dànù, kí ẹ gé e tayọ ibi tí ojú rí, kí ẹ má sì jù ú fún ajá. Ọmọdé àti aboyún kò gbọ́dọ̀ jẹ nínú rẹ̀ rárá, bó ti wù kí ẹ gé e tó. Bí ẹ bá ti ń yọ́ òjé tẹ́lẹ̀, ẹ gbé àwọn ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé òjé ni kó yẹ̀ wò, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń ṣe lójoojúmọ́ kì í fi í hàn. Ẹ ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan, kì í ṣe láti orí ìka, nítorí eruku òjé tó wà lára ìka lè ba èsì jẹ́. Èsì tó bá ti dé 5 máíkírógíráàmù nínú désílítà kan, ẹ mú un wá, kí ẹ sì mú ẹni tó mọ gbogbo ibi tí ọmọ náà ti ń ṣeré dání, nítorí ibẹ̀ la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.